Mọ́tò Bàbá Ń Ké Lójú Ọ̀nà Ayétòrò

Ìjoun,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Ọdẹkúnlé ọmọ mi,

Ṣé o wà láàyè? Mo bèèrè nítorí pé kí Kérésì tó dé ni mo ti rí lẹ́tà rẹ gbà kẹ́yìn. Àwa wà níbí. Iṣu ti tán lábà, gààrí la fi ń ti ọjọ́ sẹ́yìn, a sì ń dúpẹ́.

Màmá rẹ ń kí ọ. Mo mọ̀ pé ó ń kí ọ nítorí pé nígbà tí mo dárúkọ rẹ, ó mi orí. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú lọ́dún tó kọjá, apá ọ̀tún kò ṣeé gbé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀, ahọ́n kò sì yí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọ̀rọ̀ ṣì lè padà sẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa gbé e wá ní gbogbo Ọjọ́rú, kí n má ṣe pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, pé bí a bá dáwọ́ dúró, ìwọ̀nba tó ti ń bọ̀ yóò tún sá lọ. Ìdí nìyẹn tí èmi arúgbó fi ń wa mọ́tò láti Ìjoun gba Ayétòrò dé Abẹ́òkúta. Ọ̀kadà kò ṣeé gbé e sí, àwọn ọlọ́kọ̀ èrò kò sì ní sùúrù fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀.

Mọ́tò yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé. Jíà ọtọmátíìkì lo ń tún ṣe jẹun ní Abíjàn, àbí irọ́ ni? Ó dáa, gba iṣẹ́ ilé. Bí mo bá fi jíà sí D, mọ́tò á kọ́kọ́ dúró bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ, kó tó fà. Tó bá dé òkè tó wà lẹ́yìn afárá, kí a tó wọ Ayétòrò, mo lè tẹ iná títí ẹsẹ̀ mi á fi kanlẹ̀, kò ní yára. Basit mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá ọjà ti wò ó. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní obì.

Má wulẹ̀ pè mí. Fóònù mi já sí kànga, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ kànga. Má pe Basit, má sì pe Toyibat, ìyàwó aládùúgbò wa tó máa ń bá mi wẹ Màmá rẹ, pé kí wọ́n gbé fóònù fún mi. Èmi kọ́ ni wọn yóò máa ka ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lójú fóònù ọmọlọ́mọ. Kọ̀wé! Mo fi ẹgba kọ́ ọ ní ìwé kíkọ kí o lè lò ó ni. Sẹ̀kínát tó ń ná ọjà Abíjàn ti gbà láti máa bá wa gbé lẹ́tà.

Ọdún kẹfà rèé tí o ti lọ. Mi ò sọ nǹkan kan o.

Èmi bàbá rẹ tí kò tíì kú,
Alfred Ọmọ́délé.


Abíjàn,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ má bínú sí mi. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ọ̀nà. Ohun tó ń dùn mí jù ni ohùn wọn. Nígbà tí mo wà nílé, bí wọ́n bá pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, ìdajì Ìjoun ló máa ń jẹ́ hòo kí n tó dáhùn. Ìgbà mìíràn, tí mo bá wà lábẹ́ mọ́tò níbi iṣẹ́, á dà bíi pé mo gbọ́ wọn. Ọlọ́run á dá ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu wọn.

Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ ra fóònù. Kí ni mo ṣe tí ẹ ò fi fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀? Nígbà tí mo pè yín lọ́dún tó kọjá, ẹ ń sọ tiyín lọ ràì, ẹ ò dáhùn ìbéèrè mi kan ṣoṣo, ẹ sì pa á mọ́ mi létí. Ó dùn mí wọra.

Ó yá, ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u o! Ọ́ìlì inú jíà ọtọmátíìkì ló ń ti mọ́tò lọ. Bí ọ́ìlì yẹn bá lọ sílẹ̀ tàbí tó jóná, jíà á máa yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo lásán, mọ́tò ò ní rìn. Nítorí náà, ẹ gbé e sí ilẹ̀ tó tẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ má pa á. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kí ẹ fa gééjì jíà yọ, kì í ṣe gééjì ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo ibi tí ọ́ìlì dé. Ó yẹ kó pupa bíi omi ìṣápá.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù ni ohùn rẹ̀. Tí ẹ bá ń tẹ iná ní òkè yẹn, ṣé ó ń hu bíi yànmùyánmú, tí híhu náà ń ga bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́? Ẹ pa rédíò, ẹ ṣí gíláàsì, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Nínú iṣẹ́ wa, etí ló ń kọ́kọ́ mọ àìsàn jíà kí ọwọ́ tó kàn án. Bó bá ń hu, ẹ má gbé e jáde mọ́ rárá, nítorí ó lè kú sójú ọ̀nà pẹ̀lú Màmá nínú rẹ̀. Bí kò bá hu, ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Mi ò lè wálé báyìí. Ìwé ìgbélùú mi ti kọjá àkókò, bí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé padà. Ẹ bá mi sọ fún Màmá.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ wà nílé,
Ọdẹkúnlé.


Ìjoun,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Ọdẹkúnlé,

Ta ló ní mi ò fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀? Má fi ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ sí mi lẹ́nu. Kí o sì tó sọ̀rọ̀ nípa fóònù lẹ́ẹ̀kan sí i, kọ́kọ́ rántí pé kò sí fóònù nígbà tí mo fi ìwé fẹ́ ìyá rẹ.

Mo ti wo gééjì bí o ṣe wí, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì kún, ó tilẹ̀ kọjá àmì. Ó pupa lójú tèmi.

Ohùn kò sí. Mo fetí sílẹ̀ láti Ìjoun dé Abẹ́òkúta, mọ́tò náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó dákẹ́ ju ìgbà tí mo rà á lọ. Gbogbo nǹkan ló tilẹ̀ dákẹ́ láyé ìsinsìnyí. Àwọn ọmọdé kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Pásítọ̀ tuntun tí wọ́n gbé wá fún wa, inú ọ̀fun ló ti ń wàásù. Mo ti gbé Bíbélì kíkà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò lè máa méfò ìgbà tó kàn mí.

Sitáátà ló ń bà jẹ́ ní tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Basit ti pààrọ̀ rẹ̀ láti ọdún tuntun. Ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa, olè ni gbogbo wọn.

Ìyá rẹ náà tún ń dà mí láàmú. Iwájú ni mo máa ń gbé e jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí a bá ti dé òkè yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ òsì lù mí lápá, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù ún kù. Mo ní, Ìbídàpọ̀, kí ló dé? Á tún lù mí. Tí mo bá tẹ iná sí i, á lù mí kíkankíkan. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, á dáwọ́ dúró. Mo rò pé ẹ̀rù eré ló ń bà á, bẹ́ẹ̀ mọ́tò ọ̀hún ò sá eré kankan. Ọjọ́rú tó kọjá, ó gbá ọwọ́ mi níbi tí tírélà ti ń bọ̀ níwájú, díẹ̀ ló kù ká wọ igbó. Mo jágbe mọ́ ọn. Ó wò mí títí a fi délé, inú mi ò sì dùn títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kí ni kí n ṣe fún un?

Ó ti ń mi ètè o. Obìnrin tó ń kọ́ Màmá rẹ ní ọ̀rọ̀ sísọ kọ ọ́ sínú káàdì pé kí n máa kàwé sí i létí nílé, pé ó lè ṣèrànwọ́.

Bàbá rẹ,
Alfred Ọmọ́délé.


Abíjàn,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Màmá ń mi ètè! Mo ka ibẹ̀ fún gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá bá mi yọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun.

Ọkàn mi ti balẹ̀ lórí mọ́tò. Ọ́ìlì kún, ó pupa, kò sì hu: jíà yín ò ṣe nǹkan kan. Rọ́bà tí jíà jókòó lé ló ti gbó, òun ló ń jẹ́ kó máa lọ́ra kó tó fà. Ìyẹn kò lè dá yín dúró lójú ọ̀nà. Ẹ máa lọ jẹ́jẹ́, kí ẹ má pa Ọjọ́rú kankan jẹ nítorí rẹ̀. Ní ti sitáátà, èmi náà ò mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Ẹ bá Basit jà sí i.

Bàbá, ẹ má jágbe mọ́ Màmá mọ́. Ẹni tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ gbé wọn sí ẹ̀yìn, ẹ fi ìrọ̀rí tì wọ́n dáadáa. Níbẹ̀, ẹ̀rù ojú ọ̀nà ò ní bà wọ́n, ọwọ́ wọn ò sì ní tó yín.

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ dùn lónìí,
Ọdẹkúnlé.


Abíjàn,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Mi ò tíì rí èsì yín, mo tún ń kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi, ẹ má bínú, ẹ kọ́kọ́ ka èyí tán. Ẹ má gbé mọ́tò yẹn lọ sí Abẹ́òkúta mọ́!

Lánàá, oníbàárà kan gbé mọ́tò wá síbi iṣẹ́ wa. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀, kò gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ló bá tún yí kọ́kọ́rọ́. Irin lọ irin, gbogbo wa figbe ta. Ọ̀gá mi ní bí sitáátà ṣe ń kú nìyẹn. Bàbá, mo rántí sitáátà yín. Ta ló ń yí kọ́kọ́rọ́ lórí ẹ́ńjìnnì tó ti ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí kò gbọ́ ọ?

Mo pe Basit. Ẹ ní kí n má pè é, mo pè é. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe ń ṣe, pé òun á pariwo, ẹ á rẹ́rìn-ín sí òun. Ó ní lójú òun lẹ ti fa gééjì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, ẹ rò pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì jíà máa ń ga bí ẹ́ńjìnnì bá kú, irọ́ ni kíkún tí ẹ rí. Ó ní jíà yẹn ti ń ké láti oṣù Kejì, pé òun sọ fún yín kí ẹ má gbé e lọ ọ̀nà jíjìn mọ́, ẹ dúpẹ́, ẹ sì fún òun ní obì.

Etí yín ti di, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Màmá ń gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tí mo ń bi yín wà nínú lẹ́tà yín, mo kà á, mi ò rí i. Bí ẹ bá tẹ iná, jíà á ké, wọ́n á lù yín. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dákẹ́, wọ́n á dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù eré kọ́ ló ń bà wọ́n. Ọwọ́ Màmá ni etí yín, èmi òmùgọ̀ ni mo sì ní kí ẹ gbé wọn sẹ́yìn!

Mo bẹ Basit pé kó lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Ó ní òun ò lè gba nǹkan lọ́wọ́ tíṣà tó kọ́ òun ní A B D, àmọ́ òun á gbìyànjú láti bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́ bá yín sọ tí ẹ máa gbọ́? Ojú yín nìkan ló kù tí mo lè bá sọ̀rọ̀, ni mo fi ń kọ èyí. Sẹ̀kínát ń lọ lọ́la. Ẹ wá ọkọ̀ mìíràn gbé Màmá, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wo etí yín ní Abẹ́òkúta náà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ọdẹkúnlé.


Ìjoun,
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Ọdẹkúnlé,

Mọ́tò ti kú. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kí ọ.

Mo tẹ̀lé lẹ́tà rẹ ti oṣù Karùn-ún. Mo gbé ìyá rẹ sí ẹ̀yìn pẹ̀lú ìrọ̀rí. Ó di apá mi mú, kò fẹ́ jókòó síbẹ̀. Mo ní Ọdẹkúnlé ló ní kí n gbé ọ síbẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ mi. Ọjọ́rú àkọ́kọ́, a lọ, a bọ̀, apá mi sinmi.

Ọjọ́rú kejì, ìyẹn ìjẹta, Basit dúró síwájú mọ́tò láàárọ̀, ó ń juwọ́, ó ń la ẹnu. Mo ní kó kúrò lọ́nà, kó má pẹ́ mi. A dé òkè. Mọ́tò ń fà díẹ̀díẹ̀, mo bá tẹ iná. Àwọn tó ń hú ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà nà dìde, wọ́n ń juwọ́ sí mi. Mo ní wọ́n ń kí mi, mo juwọ́ padà, mo tilẹ̀ ṣí fìlà. Obìnrin kan nínú wọn fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Mo ní irú ìkíni wo nìyí? Mo tún tẹ iná sí i kí a lè gun òkè tán. Àfi bí èéfín ṣe bo iwájú mọ́tò, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí padà sẹ́yìn. Ọpẹ́lọpẹ́ bíréèkì.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìyá rẹ ti ṣubú sáàárín àga. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn àga mi. Ó ti ń lù ú láti ìsàlẹ̀ òkè. Mi ò mọ̀.

Oòrùn pa wá níbẹ̀ kí ọlọ́kọ̀ ẹ̀gẹ́ kan tó gbé wa padà. Basit lọ fa mọ́tò wálé, ó da ọ́ìlì jíà sínú agolo, ó gbé e wá fún mi. Ó dúdú bí aró, ó ń rùn bí ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná. Ó fi ìka kọ ọ́ sínú eruku orí bọ́nẹ́ẹ̀tì pé jíà ti jóná ráúráú, kò ṣeé tún ṣe. Mi ò bi í léèrè ìdí tí kò fi fi ẹnu sọ ọ́.

Ìwọ ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ìwọ tí o ń fi jíà jẹun! Mi ò bú ọ. Ṣùgbọ́n a ò lọ sí Abẹ́òkúta mọ́. Mo gbé ìyá rẹ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà, kò lè jókòó. Kò mi ètè mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ògiri ló ń wò.

Alfred Ọmọ́délé.


Ìjoun,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Ọdẹkúnlé ọmọ mi,

Wọ́n dá Sẹ̀kínát dúró ní ibodè, àná ni lẹ́tà rẹ tó dé. Ó ti pẹ́ jù fún mọ́tò.

Òótọ́ lo sọ. Ó ti lé ní ọdún kan tí etí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí di. Fóònù ò já sí kànga, èmi ni mo sọ ọ́ sí i, lẹ́yìn ọjọ́ tí o pè tí mi ò gbọ́ ohun kan lẹ́nu rẹ. Ojú tì mí. Mo tún ń rò ó pé bí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí n wakọ̀ mọ́, ta ni yóò wá máa gbé ìyá rẹ lọ? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Má bú ara rẹ mọ́. Èmi ni mo purọ́ fún ọ.

Mo jókòó ti ìyá rẹ láàárọ̀ òní, mo ka lẹ́tà náà sí i létí, mi ò fo nǹkan kan. Ògiri ló kọjú sí. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní ọwọ́ rẹ̀ ni etí mi, mi ò lè kà á mọ́. Mo ní, Ìbídàpọ̀, o ń sọ fún mi, mo jágbe mọ́ ọ. Mo gbé ọ sẹ́yìn bí ẹrù. Kí n má purọ́ mọ́, mo sunkún bí ọmọdé. Ó yí ojú kúrò lára ògiri, ó gbé ọwọ́ òsì tí a fi aṣọ wé, ó gbé e lé mi lápá. Kò lù mí. Ẹnu rẹ̀ sì ṣí.

Toyibat ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo ṣàdédé rí i tó já wọlé pẹ̀lú ìfófò ọṣẹ lọ́wọ́, ó ń fò sókè, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ń nawọ́ sí ìyá rẹ. Mo bojú wò ó. Ètè rẹ̀ tún ń ṣí, ó ń padé. Mo gbé etí mi lé e lẹ́nu pátápátá. Èémí rẹ̀ gbóná sí mi létí, èémí nìkan ló wọlé.

Toyibat mú èédú, ó kọ ọ́ sára ògiri fún mi. Pẹ̀lẹ́ ló sọ, Ọdẹkúnlé. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá rẹ láti ọdún tó kọjá, èmi ló sọ ọ́ fún, pé kí n pẹ̀lẹ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó tún un sọ, títí ó fi rẹ̀ ẹ́, títí Toyibat fi di ọwọ́ mi mú pé ó tó.

Wọ́n ní àwọn tó ń kọjá lójú títì pàápàá gbọ́ ọ. Èmi nìkan ni mi ò gbọ́.

Bàbá rẹ,
Alfred Ọmọ́délé.